Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Bíréèkì

Ẹ̀rọ náà pariwo, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún ọkùnrin náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín. Ẹ na ẹsẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà la ojú. Títì ló ṣì ń rí. Nǹkan kan já gba iwájú ọkọ̀, òun sì ti tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló tó rí i pé kò sí títì, kò sí ọkọ̀. Àjà funfun ló wà lókè orí rẹ̀, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló sì ń jà lábẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

"Mi ò mọ̀ pé mo gbé e," ó ní.

"Ẹ ò mọ̀ lánàá náà," nọ́ọ̀sì dáhùn.

Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí. Ìnsípẹ́kítọ̀ ni aláìsàn náà ń pè é nínú ọkàn ara rẹ̀, nítorí kì í wọlé kó má yẹ ènìyàn wò lókè nílẹ̀ bí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó wo itan, ó wo wáyà, ó wo ojú ẹ̀rọ títí ariwo fi dákẹ́, ó wá mí kanlẹ̀.

Ní gáréèjì, Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe aláìsàn yìí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jínjìn ni, ẹsẹ̀ bíréèkì ló sì fi gba orúkọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré, òun ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìyá arúgbó tó fẹ́ rin ọ̀nà yẹn tí kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ wà ńlẹ̀?" Nǹkan kan ṣoṣo ni kò lè ṣe láyé yìí: kò lè jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà. Bí wọ́n bá gbé e, á máa di ilẹ̀kùn mú, á máa sọ fún awakọ̀ pé wo ọ̀tún rẹ, wo òsì rẹ, ṣé o rí ewúrẹ́ yẹn. Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ gbé e lọ síbi ìsìnkú kan, àárín ọ̀nà ló ti bọ́ sílẹ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó sì rìn ín, tòun ti bàtà tuntun.

Òun náà ló wá dùbúlẹ̀ yìí, tí nǹkan kan ń wà á.

Nǹkan ọ̀hún ò tóbi. Dókítà ti fi àwòrán rẹ̀ hàn án: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn tó bírò ìkọ̀wé. Ibi tí itan ọ̀tún ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ti kì í bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì gòkè lọ títí ó fi wọnú ọkàn. Pọ́ńpù kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń yí láìsinmi, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn tó ti rẹ̀, tó ń tì í síta fún ara. Wáyà rẹ̀ jáde ní itan, ó lọ bá ẹ̀rọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń kùn ṣáá, tí nọ́ńbà ń tàn lójú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọkàn Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló dí. Àwọn dókítà là á, ṣùgbọ́n ọkàn ti jìyà kọjá bó ṣe yẹ, kò lè dá ẹrù rẹ̀ gbé mọ́. Pọ́ńpù yìí ni wọ́n fi ràn án lọ́wọ́ kó lè rí àyè mí.

Láàárọ̀, dókítà ti wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin ni, kò dàgbà ju àkọ́bí Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ lọ, kì í sì í fi abẹ́ ahọ́n sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò lè pẹ́ lára," ó ní. "Ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ yín náà sì ti ń tutù. Lónìí a máa dín iṣẹ́ ẹ̀ kù, ká wò ó bóyá ọkàn yín á gba iṣẹ́ ẹ̀ padà. Tó bá gbà á, a máa yọ pọ́ńpù nírọ̀lẹ́."

"Tí ò bá gbà á ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹsẹ̀ yẹn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ká a, pọ́ńpù ń sún kúrò láyè ẹ̀. Tó bá yọ kí ọkàn yín tó ṣe tán, mi ò rí ọ̀nà míì tí mo máa gbé e gbà. Òpó ẹsẹ̀ òsì yín ò dáa, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tó fi bọ́ ìyàwó, tó fi bọ́ ọmọ, tó fi kọ́lé, ẹsẹ̀ yẹn náà ló fẹ́ pa á yìí.

Wọ́n ti bẹ ẹsẹ̀ náà, wọ́n ti bá a wí, wọ́n ti fi ìrọ̀rí há a. Báyìí, Ìnsípẹ́kítọ̀ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì gígùn kan, ó gbé e gba orí orúnkún, ó sì so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ní. "Ṣé àgbò tí wọ́n so máa ń bínú?"

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Nígbà tó jáde tán, Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ wá kíyè sí ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì rí ibì kan tó ṣì jẹ́ tirẹ̀. Omi ń wọ apá òsì. Nǹkan tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Orí bẹ́ẹ̀dì ò gbọdọ̀ ga, kí itan má baà ká, nítorí náà àjà ilé ni gbogbo ohun tó ní láti wò, ó sì ti mọ gbogbo ojú rẹ̀. Fèrèsé wà lápá òsì, ògiri ilé kejì ló sì dojú kọ. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí wà nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn. Kò lè rí i, etí ló fi ń wò ó. Ọkọ̀ eléyìí, bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já. Tọ̀hún yẹn, ẹni tó ń wà á ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ jíà. Ọkọ̀ kan tún wà tó máa ń jáde nírọ̀lẹ́, tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó jí, gẹ́lẹ́ bí tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná nínú fílásíkì. Aránṣọ ni ìyàwó náà, aṣọ ilé ìwé ló ń rán, kò sì sí ọjọ́ tí fọ́nrán òwú kan kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ níbì kan.

"Ìyá wọn, ẹnìkan wà níbí tó ní irú ọkọ̀ mi. Mo gbọ́ ọ lánàá nígbà tó ń lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ń dé fílásíkì lọ́wọ́. Ó dé e, ó ṣí i, ó tún un dé.

"Ọkọ̀ pọ̀ láyé, baálé mi," ó ní.

"Tèmi ò pọ̀."

Òótọ́ ni. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́, Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ní ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan tó ń gẹ̀ bí ẹyin. Ọmọ rẹ̀ kankan ò wà á rí. Ìyàwó rẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọmọ wọn kejì ṣì ń rákò. Kò tíì jáde tán lẹ́nu géètì tó fi ìdí ọkọ̀ gbá òpó. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, kò sí ẹni tó máa wa ọkọ̀ òun mọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Kò sì yí i padà láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i. Awakọ̀ ni òun náà, Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí fèrè ọkọ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ ò sì rẹlẹ̀ sí ti fèrè. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo aṣọ tí wọ́n fi so orúnkún, ó mi orí.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ so mọ́lẹ̀ báyìí? Ọkàn ọkùnrin yìí ń kú lọ, ó sì wa ara ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Òun ló wa ọkọ̀ o, ìyàwó ẹ̀ kàn jókòó tì í ni. Òógùn bo gbogbo ojú, kò sì fara kan ẹnì kankan. Gbogbo gáréèjì ló ti gbọ́. Àwọn ọmọdé awakọ̀ tó ń pè é ní ìgbín tẹ́lẹ̀, wọ́n ti panu mọ́."

Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, kí la fẹ́ pa mọ́. Wọ́n ti gba aṣọ rẹ̀, wọ́n ti gba eyín àtọwọ́dá rẹ̀, obìnrin tó tó ọmọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un. Ìtàn yìí nìkan ló kù tó fi ń mọ ara rẹ̀ ní ọkùnrin. Òun ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀: "Mo gbé wa dé." Ìyàwó rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, "Ẹ gbé wa dé, baálé mi."

"Ibo lo wá gbé ọkọ̀ sí?" Fèrè bi í. "Mo wo gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn nígbà tí mò ń bọ̀."

Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ wá ọkọ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó rántí títì. Ó rántí bíréèkì, ó rántí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò rántí ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Kò rántí pé òun pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀, irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

"Abẹ́ igi ni, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́," ìyàwó rẹ̀ yára sọ. "Fèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí."

Fèrè ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí dókítà fi wọlé. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ, ó yí nọ́ńbà sílẹ̀, kíkùn ẹ̀rọ náà sì rẹlẹ̀. Lójú Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́, ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú sí ènìyàn lọ́wọ́ lórí òkè, tí ọkọ̀ ṣì ń lọ ṣùgbọ́n tí awakọ̀ mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń gbé e. Àyà rẹ̀ ń ṣe gìrìgìrì. Èémí rẹ̀ ń já.

"Ó ń gbìyànjú," dókítà ní, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Fífara balẹ̀ ọ̀hún ló fa oorun, oorun ló sì fa títì. Ó tún rí i, ọ̀nà ń bọ̀ wá bá a kíákíá, kíákíá jù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí wọ́n fi so ó já níbì kan. Ẹ̀rọ figbe ta.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló sáré dé. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú lé e láyà, ó ń wò ó. Ó fi ọwọ́ mú ọ̀pá náà ní itan, ó rọra tún un ṣe, ó tún wo inú. Ìyàwó Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ dúró mọ́ ògiri, ó kó ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ó sún, kò tíì yọ," dókítà sọ nígbẹ̀yìn. "Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Tó bá tún ṣe báyìí, kò ní dúró mọ́."

"Ẹ má jẹ́ kí n sùn nígbà náà," Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ní. "Ẹ máa gbá mi létí tí mo bá ti ń tòògbé."

"Bàbá, ọkàn yín ò tíì sinmi láti ìjẹta. Tí ẹ ò bá sùn, kò ní lè gbé e. Ẹ gbọ́dọ̀ sùn."

Wọ́n so ẹsẹ̀ náà padà, aṣọ méjì lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì jáde. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ń wo àjà. Bó bá sùn, ẹsẹ̀ á pa á. Bí kò bá sùn, ọkàn á pa á. Kò sí ibi tó lè yà sí. Ẹ̀rù bà á, kò sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fa àga súnmọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀ òsì fún un, nítorí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan tọ̀tún.

"Ẹ wo eléyìí bó ṣe jẹ́ ọmọlúàbí," ó ní, bí ẹni ń bá ẹsẹ̀ náà ṣeré. "Láti ọjọ́ tí a ti dé ibí, kò mira rí. Èkejì ẹ̀ nìkan ni ìpáǹle."

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò létí Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́. Kò mira rí.

Ó ń rò ó bí awakọ̀ ṣe ń ro ariwo tí kò mọ ibi tó ti ń wá nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lójú oorun, ẹsẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Bíréèkì ò lè lọ láìsí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, àfi tí ènìyàn bá fẹ́ kí ọkọ̀ kú. Ọwọ́ ńkọ́? Wọn ò sọ fún un rí pé ọwọ́ rẹ̀ ń yí sítíárìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń tẹ̀, tó ń tẹ̀, tó ń tẹ̀. Ó pa ojú dé, ó fi ipá wo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn dáadáa. Títì nìyẹn. Òógùn nìyẹn. Kí ló wà níwájú òun gan-an? Kì í ṣe aago tó ń ka eré. Àpótí kékeré tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ sí ni, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti já, tó fi téèpù dúdú lẹ̀. Ó rí téèpù náà, ó rí bí etí rẹ̀ ṣe ṣí.

Àpótí yẹn ò sí níwájú awakọ̀.

"Ìyá wọn," ó pè é, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yẹn, ibo ló ti máa ń mú?"

"Òkè pátápátá ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó ṣì ń ra ẹsẹ̀. "Ẹ̀ẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò tán kó tó..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ló wò, ó ń retí kó pariwo. Ẹ̀rọ ń kùn jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀.

"Ta ló gbé wa dé?" Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ bi í.

"Èmi ni."

Ó sọ ọ́ tán, ó wá ń sọ ìyókù wéréwéré, bí ẹni tí àpò já mọ́ lọ́wọ́. Ó ní lóòótọ́ ni ọkọ òun mú kọ́kọ́rọ́ tó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì ṣubú sí. Ó ní òun gbé e, òun ò mọ bí òun ṣe gbé e, òun tì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní òun fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n "Mo gbé wa dé" ni ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun fi jí, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ mú inú bí i. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, baálé mi. Mo ní kí n má fi ẹnu ara mi pa yín."

"Ibo lo ti kọ́ ọ?"

"Ọkọ̀ àbúrò mi ni. Ó ti pẹ́. Ọmọ wa kejì ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà yẹn."

Inú bí i. Ojú tì í, èyí sì burú ju ìbínú lọ. Ó rántí gbogbo ọdún tí obìnrin yìí fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ láìsọ nǹkan kan. Òun rò pé nítorí pé kò mọ nǹkan kan ni. Ó rántí Fèrè àti gbogbo gáréèjì. Bó bá jẹ́ ilé ni, ì bá ti dìde, ì bá ti bọ́ síta lọ máa nu ọkọ̀ títí inú rẹ̀ fi rọ̀. Níbí, kò lè yíjú sí ògiri pàápàá. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja síwájú obìnrin náà tòun ti ìtìjú rẹ̀, nọ́ńbà kan sì gòkè díẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ìyàwó rẹ̀ sì rí i.

"Ẹ bú mi," ó ní. "Ẹ bú mi, kó kúrò níkùn yín."

Kò bú u.

"Kí ni mò ń ṣe nígbà tí ò ń wà mí?"

"Ẹ ń tẹ bíréèkì."

"Níbo?"

"Níbi gbogbo." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi ilé ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóríta. Ẹ tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi tí mo ti dúró. Mo ní kí ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ ò gbọ́. Ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ilẹ̀ ọkọ̀."

Nǹkan kan mì láyà Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ni. Ó dùn ún, ó sì tún rín in. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù, nígbà tó rí i pé ẹ̀rín ni, òun bú sẹ́kún ní tirẹ̀.

"Wà mí lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ látẹnu géètì. Má fo ibì kankan."

Ó yé e, kò bi í pé nítorí kí ni. Ó gbé àga kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e wá sí apá òsì, ní ọ̀gangan èjìká rẹ̀, ó sì jókòó, àwọn méjèèjì dojú kọ apá kan náà.

"Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ gbà jáde," ó ní. "Mo wo díńgí òsì, mo wo tọ̀tún."

"Òpó géètì." Ojú Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ ti pa dé. Iṣan itan ọ̀tún rẹ̀ fà lábẹ́ aṣọ.

"Mo ti rí i."

Iṣan náà dẹ̀.

"Mo yà sí ọ̀tún níbi ilé ìwé. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Mo ti rí wọn. Mo dúró, wọ́n kọjá, ọ̀kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi."

"Ibi tí ọ̀nà ti wó ńkọ́?"

"Mo ti rí i. Ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà. Jíà kejì ni mo fi gba ibẹ̀."

Jíà kejì ló yẹ ibẹ̀. Kò sọ ọ́ síta. Ó gbọ́ tí ẹnìkan wọlé, bàtà dókítà ni. Ó gbọ́ tí kíkùn ẹ̀rọ tún rẹlẹ̀, tó rẹlẹ̀ débi pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ìyàwó rẹ̀ ò yí padà. Ó ti dé oríta, iná pupa ló bá níbẹ̀, ó ní òun wo ọ̀tún, òun wo òsì, kò sí ẹni tó ń bọ̀, òun kọjá. Tírélà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ti rí i. Ewúrẹ́ kan wà níwájú. Ó ti rí òun náà. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ fẹ́ bi í nípa ibi tí títì ti pín sí méjì, kò rántí bóyá ó bi í, bóyá kò bi í.

Nígbà tó jí, oòrùn ti kúrò lára ògiri ilé kejì. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni aṣọ méjèèjì tí wọ́n fi so ó, tí wọ́n ká jọ sórí tábìlì. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ.

"Mo tú u láti wo bóyá ó gbóná," Ìnsípẹ́kítọ̀ ní. "Ó ń sùn jù yín lọ, mo bá fi í sílẹ̀."

Dókítà dúró tì í. Ó ní nọ́ńbà tó kéré jù ni ẹ̀rọ náà wà láti ìgbà tó ti sùn, ọkàn rẹ̀ ló sì ń gbé gbogbo iṣẹ́. Ó ní àwọn máa yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, Ìnsípẹ́kítọ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ẹ̀rọ tó ń kùn láti ọjọ́ yìí wá dákẹ́. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì gbọ́ ọkàn rẹ̀ nínú rẹ̀, kò yára, kò dúró.

"Ẹsẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ ká títí di òwúrọ̀ o," dókítà kìlọ̀. "Ó sì máa pẹ́ kí ẹ tó tún jókòó sídìí ọkọ̀, Bàbá. Ó máa pẹ́ gan-an."

"Màá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́," ó dáhùn.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan kan ilẹ̀kùn, ó ní ọkọ̀ wọn dí ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń kó aláìsàn bọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ sún un. Ìyàwó rẹ̀ tú báàgì, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Àyè ibẹ̀ há, kó ṣọ́ ẹ̀yìn, kó má gbàgbé igi. Gbogbo rẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀.

"Tí mo bá dìde," ó ní, "màá ní kí wọ́n sọ kílọ́ọ̀ṣì yẹn kalẹ̀ fún ẹ."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ fèrèsé, ọkọ̀ kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Òun ló ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wọ jíà ẹ̀yìn, ó gbọ́ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì ní díẹ̀díẹ̀, títí dé òkè pátápátá, títí ó fi mú. Ọkọ̀ náà ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sọ́dọ̀ igi. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Tẹ̀ẹ́-Jẹ́jẹ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó ń retí kó gbéra.

Kò mira.